Ta Ni Ọmọ Yìí Ń Pè Ní ‘Ìwọ’?

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo sì kí ọ kú àárò wa. Ara mi le. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ nìkan ló ń ráhùn láàárọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná tán, kì í rántí àìsàn mọ́. Inú mi dùn nígbà tí o pè láti sọ pé ìwé àṣẹ tí ọmọ rẹ máa fi wá bá ọ lókè òkun ti jáde. Mo bá ọ yọ̀. Mo sì káàánú ara mi díẹ̀, n kò ní purọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ìwọ náà mọ̀ pé pálọ̀ kan àti yàrá kan la ní, kò sì sí ohun tí a sọ níbẹ̀ tí Ọ̀gá Kékeré, ọmọ rẹ, ò ní gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ti gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ. Fóònù ńlá tí o fi ránṣẹ́ sí i yẹn, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi, mo tì í, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn mi. Kí o tó bínú, gbọ́ tẹnu mi.

Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ó ń ṣe géèmù. Bó bá ti ilé ìwé dé, tó jẹun, tó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, á lọ jókòó sẹ́yìn àga gígùn, á ki íápíìsì bọ etí. Mo ní ọmọdé ni, bí kò bá ṣeré báyìí, ìgbà wo ni yóò ṣe é? Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, mo ń tú aṣọ ilé ìwé kan tí mo rán wọ́, ni mo gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìwọ, dúró níbẹ̀. Má kú mọ́ o. O ti kú jù.” Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé o rí ara rẹ? Mo ní kí o sá, o dúró ń wo òdòdó. Jẹ́ ká máa lọ sílé wa.”

Ilé wa wo? Mo bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó wò mí, ó wolẹ̀, ó ní, “Kò sí, mà.” Ọmọ tí kì í parọ́.

Mo gba íápíìsì náà, mo fi sétí. Mo gbọ́ ohùn kan fìrí kó tó dákẹ́. Ohùn obìnrin àgbàlagbà ni. Ó tilẹ̀ fẹ́ jọ tìrẹ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò lè jẹ́ ìwọ, nítorí pé ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ ò lè pe ìyá tó bí i ní ‘ìwọ’. Mo lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ojúlé kejì. Ó ní àwọn oníjìbìtì lè gba ohùn ẹni lò báyìí, wọn á fi tan ọmọ ọlọ́mọ. Mo padà sílé, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Láti ọjọ́ yẹn, “bẹ́ẹ̀ ni, mà” àti “rárá, mà” nìkan ló ń bá mi sọ. Lánàá mo dárúkọ ìrìn àjò, ó ní, “Mi ò lọ mọ́.” Ọ̀rọ̀ yìí ń rìn mí lọ́kàn. Lọ́dún tó kọjá tí a kọ́kọ́ sọ ọ́, ohun tó wí ni pé, “Mi ò mọ̀ wọ́n, Màámi.” Nísinsìnyí, ó ní òun ò lọ mọ́. Ìgbà wo ló ti gbà láti lọ tí n kò mọ̀? Bí o bá mọ ibi tí ‘mọ́’ yẹn ti wá, sọ fún mi.

Kí o sì bá mi wá ẹni tó ń fi ohùn rẹ ṣe jìbìtì.

Èmi ni ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Orí àga ilé ìjẹun ibi iṣẹ́ wa ni mo jókòó sí kọ èyí, àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ń kùn lẹ́yìn ògiri, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, orí eékún ni mo wà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa nà án kí ẹ tó jókòó sídìí máṣíìnì.

Ìyá mi, kò sí oníjìbìtì kankan. Èmi ni ‘ìwọ’ náà.

Ẹ má tíì bá ọmọ wí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọdún náà ṣe lọ fún yín, nítorí ó ti pé ọdún kan gééré tí èmi àti ọmọ mi ti ń ṣe géèmù, èmi náà sì ń bẹ̀rẹ̀ sí wò ó pé kí ni mo rí níbẹ̀.

Ẹ rántí bí ó ṣe máa ń rí tí mo bá pè. “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Dáadáa ni, mà. Mo ti jẹun, mà. Màámi nìyí.” Ó tán. Á sáré gbé fóònù fún yín bí ẹni tí ìkòkò gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi. Kò tíì ní eyín lẹ́nu tán nígbà tí mo kúrò nílé. Nígbà tí ẹ wá sọ fún mi pé ó ní òun ò mọ̀ mí, mo wọ inú yàrá tí a ń kó aṣọ ìbùsùn sí, mo sunkún sínú aṣọ òtẹ́ẹ̀lì tí à ń fọ̀. Ọkùnrin tó ń lọ aṣọ níbi iṣẹ́ wa bá mi níbẹ̀. Ó ní òun àti àwọn ọmọ òun jọ ń ṣe géèmù ni, pé ọmọdé kì í dá àgbà lóhùn bí wọ́n bá kojú síra, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jọ kọjú síbì kan, ẹnu á là.

Mo pe ọmọ mi, mo ní kó kọ́ mi ní géèmù. Ó wá ní, “Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ọ lóòótọ́?” Ìyá mi, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí láyé nìyẹn.

Bọ́ọ̀lù la fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé àwọn tèmi, mo sì yọ̀. A bọ́ sí ti mọ́tò tó ń sáré: mo wa tèmi wọ inú òkun, mo wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, mò ń fọn fèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ni eléyìí tí a ti ń se oúnjẹ fún oníbàárà. Mo kórìíra rẹ̀. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tó ń kánjú síni lórí; irú rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, kí ni mo tún ń wá a lọ sílé fún? Ọmọ yín rẹ́rìn-ín títí, ó ní mo ṣòroó tẹ́ lọ́rùn.

Ìgbà náà ló mú mi dé ibi tí a wà di òní. Wọ́n á jù ọ́ sínú igbó kan láìní nǹkan kan lọ́wọ́. O máa gé igi, o máa wa òkúta, o máa kọ́lé kí ilẹ̀ ibẹ̀ tó ṣú, torí bó bá ṣú, iwin á jáde. Bí iwin bá bá ọ níta, o kú. Ṣùgbọ́n ikú ibẹ̀ kì í ṣe ikú, ìyá mi. Ẹni tó bá kú á jí padà lórí ibùsùn rẹ̀ ni. Ohun tó gbé lọ́wọ́ nìkan ló máa pàdánù.

Ọ̀rọ̀ ‘ìwọ’ wá dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ‘ẹ’ ló ń lò fún mi gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Á rí iwin lẹ́yìn mi, á ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ wo ẹ̀yìn yín.” Kó tó dé orí ‘mà’, mo ti kú. Bí a ṣe ń ṣe é ṣáá nìyẹn, ọ̀wọ̀ ń pa mí. Èmi fúnra mi ni mo ní kó gé e kúrú. “Sá!” yá ju “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sá, mà” lọ. A wá ṣe àdéhùn: bí a bá ti wọlé síbẹ̀, mo di ‘ìwọ’, bí a bá jáde, mo padà di ‘ẹ̀yin’. Kò ṣì í pè rí. Ẹ̀rù yín ló sì mú un sọ pé kò sí ẹnì kan. Ó mọ̀ pé ẹ ò ní gbà á.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìgbà tí mo di ‘ìwọ’ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ nǹkan fún mi. A ó máa wa òkúta lọ, á ní tíṣà àwọn máa ń sùn ní kíláàsì. Á ní òun ń bẹ̀rù bàálù. Ó bi mí bóyá yàrá mi ní fèrèsé, bóyá a lè rí ojú ọ̀run níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ó kọ́ ilé kan sórí òkè, ó ya yàrá méjì. Mo ní ta ló ni ìkejì. Ó ní, “Tìẹ ni. Ṣé o ò rí bẹ́ẹ̀dì ni?” Ọjọ́ yẹn ni mo bi í bóyá á wá bá mi. Ó ní á wá.

Ibẹ̀ ni ‘mọ́’ tí ẹ ń wá wà, ìyá mi. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé. Tèmi yàtọ̀: èmi ìyá ni mo ṣípá, tí mò ń retí kí ọmọ gbé mi. Ó ti ń gbé mi bọ̀ kí kọ́kọ́rọ́ yín tó dé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí dúrọ́ọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà, mo wò ó síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá ibi tí okùn ti já. Ó dáa, mo ti gbọ́. Ìwọ ni ‘ìwọ’.

Inú ń bí mi, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Odidi ọdún kan, nínú pálọ̀ mi, lẹ́yìn àga tí mo jókòó sí, ẹ̀yin méjèèjì kọ́lé, ẹ ya yàrá, kò sí ẹni tó ní kí n wá wò ó. Ṣé àlejò ni mí ni? Bí o bá ti sọ fún mi, ṣé n bá máa sáré lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe? Ó ti wá ń bi mí báyìí bóyá a ti mú oníjìbìtì náà.

Ìkejì, ọ̀rọ̀ ‘mo kú’ yìí. O fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sínú ìwé, o sì fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Èmi kì í fi ẹnu mi sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá pa mí lẹ́rìn-ín, “ẹ̀rín fẹ́ pa mí” ni mo máa ń wí. N kì í jẹ́ kó pa mí tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá ń rán aṣọ, òun ni mò ń rò. Ta ló ni ilẹ̀ tí ẹ kọ́lé sí? Ṣé òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀? Ta ni ń ṣọ́ ilé bí ẹ̀yin méjèèjì bá jáde? Àwọn iwin yẹn, ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀, àbí wọ́n kàn ń pani? Kí ló dé tí ìwọ, àgbàlagbà, fi dúró ń wo òdòdó nígbà tí wọ́n ní kí o sá? Èyí tó sì ń jẹ mí lọ́kàn jù: báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣe géèmù? Ẹni tó ń ránṣọ, “ẹ kú iṣẹ́.” Ẹni tó jókòó lásán, “ẹ kú ìjókòó.” Ẹni tó ń sá fún iwin ńkọ́? N kò gbà pé ohun kan wà tí ọmọ Yorùbá ń ṣe tí a ò ní ìkíni fún.

Fóònù ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ kàn án, mo tún fà á yọ. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Nígbà tí ọmọ yìí ní òun ò lọ mọ́, mo bá a wí lójú, ṣùgbọ́n inú mi kọ́kọ́ dùn ná. Òun ló ń bá mi ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Òun ló ń bá mi jà tí n kò bá jẹun. Bí mo bá ṣí dúrọ́ọ̀ yìí, á lọ. Bí n kò bá ṣí i, á dúró, ṣùgbọ́n á máa wò mí bí ó ṣe ń wò mí báyìí.

Fún mi láyè díẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ má bínú. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín láti ọjọ́ tí mo ti gbá bọ́ọ̀lù sílé ara mi. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa ní mo ti di ọmọdé.

Ẹ gba ìdáhùn yín. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní olówó, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Òjò máa ń rọ̀, kì í sì í jò wọlé, ọmọ yín mọ òrùlé kàn. Bí a bá jáde, gbogbo nǹkan á dúró bó ṣe wà títí a ó fi padà dé. Ó wù mí kí ilé gan-an rí bẹ́ẹ̀. Àwọn iwin ò sọ̀rọ̀. Òdòdó tí mo dúró wò, ó pupa ni. Níbi iṣẹ́ wa, funfun ni gbogbo nǹkan: aṣọ, ògiri, ọ̀ṣẹ, títí kan ojú fèrèsé. Mo rí pupa, mo dúró. Ìkíni nìkan ni n kò mọ̀. Ẹ bi Ọ̀gá Kékeré.

Ìyá mi, ọ̀rẹ́ mi nọ́ọ̀sì ló ń bọ̀ wálé, òun ni yóò mú un bọ̀ ní ìparí oṣù Kàrún. Bí kò bá tẹ̀lé e, ìwé náà á di ìwé lásán, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, n kò ní jẹ́ kí wọ́n fà á wọ bàálù. Bí kò bá fẹ́ wá, kí ó dúró tì yín. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò, n kò lè bínú sí i, nítorí ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn níbí: ta ni yóò ki okùn bọ abẹ́rẹ́ fún yín?

Mo ń dá wọlé síbẹ̀ láàárọ̀ kí n tó lọ síṣẹ́. Mo máa ń kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wa.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹrin

Ìyá mi,

N kò tíì rí èsì yín. Mo pe fóònù kékeré yín, ẹ ní ẹ̀ ń ránṣọ lọ́wọ́. Mo tún pè, ẹ ní oníbàárà wà níwájú yín. Mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọdé lẹ́yìn.

Mo wọlé síbẹ̀ lónìí. Ẹnì kan ti gbin òdòdó pupa síwájú ilé wa, ó tò ó bí ojú rírán, tààrà, kò sí èyí tó yà. Wọ́n sì ti fi yàrá kẹta kún un. Mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kò ṣí.

Ìyá mi, ta ló ṣí dúrọ́ọ̀?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kàrún

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú ìfojúsọ́nà. Má bínú pé mo jẹ́ kí o dúró. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún ọ títí n ó fi mọ ẹsẹ̀ gbé. N kò fẹ́ kí o rí mi níbi tí mo ti ń forí gbá igi.

Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin dé ni mo ṣí dúrọ́ọ̀. Mo gbé fóònù fún ọmọ rẹ, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì yí lọ sẹ́yìn àga. Mo tẹ̀lé e. Mo ní, “Kọ́ mi.” Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ọ lóòótọ́?” Bí ó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ọmọ mi, iṣẹ́ ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, fóònù yìí sì ni kèrègbè tèmi. Fóònù kan náà la ń gbà lọ́wọ́ ara wa, ó sì ṣe ènìyàn tèmi síbẹ̀. Mo rìn sínú omi. Mo gé igi tí ilé yín gbé lé. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣìṣe, á ní, “Kò burú, Màámi, ẹ tún un ṣe,” bí mo ṣe máa ń sọ fún un nígbà tí mo ń kọ́ ọ ní rírán etí aṣọ. Òdòdó yẹn, èmi ni mo gbìn ín. Mo sọ fún ọmọ rẹ pé bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ràn òdòdó débi pé ó ń tìtorí rẹ̀ kú, kí a gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà, kó lè máa rí i láìjáde.

O rí i, mo ti ń sọ ọ́.

Ó bi mí bóyá òun lè máa pe èmi náà ní ‘ìwọ’ níbẹ̀, torí àwọn iwin. Mo ní rárá o. Ìyá rẹ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo bá a ṣe àdéhùn. Ó ní wọ́n máa pa mí. Mo ní kí wọ́n pa mí.

A jáde lọ gé igi ní Sátidé. Ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ́ ṣú. Mo rí ẹnì kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, bíi tèmi. Mo dúró. Mo ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o.” Ọmọ rẹ ní, “Màámi, ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ má kí wọn, ẹ…”

Kò dé ibi ‘sá’.

Ojú fóònù pọ́n. Nígbà tí ojú ibẹ̀ mọ́, mo wà lórí ibùsùn kan. N kò mọ yàrá náà rí. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí tìrẹ lápá kan, mo rí tirẹ̀ lápá kejì. Ó ti gbé ibùsùn mi síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó tì í pa títí ìgbà tí mo bá máa nílò rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ní pálọ̀ wa níhìn-ín, ó ní, “Màámi, ẹ kú ewu.”

Ìkíni náà nìyẹn. Mo mọ̀ pé a ò lè ṣe aláìní in.

Mo bi í nípa ìrìn àjò. Ó ń gé igi lọ, kò wò mí. Ó ní, “Mo máa lọ. Mọ́mì ò mọ ọ̀nà. Bí wọ́n bá dá wà, wọ́n á kàn dúró máa wo òdòdó.” Wọ́n ní ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín yìí, n kò mọ èyí tí í ṣe abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti wọ ara yín. Mo ń rán ẹ̀wù òtútù fún un, mo fi aṣọ pupa tẹ́ inú rẹ̀. Ó ti ki okùn bọ gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà nílé, ó gún wọn mọ́ tìmùtìmù fún mi, ó ní bí wọ́n bá tán, kí n pè é.

Fóònù ńlá yìí, mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi. O máa ra òmíràn fún un níbẹ̀. Láti ìparí oṣù yìí, èmi ni yóò máa jókòó sẹ́yìn àga.

Ọmọ mi, mo kú. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, ẹ̀rù ò sì bà mí. Mo kú sójú ọ̀nà, mo jí nílé rẹ. Ẹ má gbé ibùsùn mi kúrò níbẹ̀.

Ìyá rẹ, aránṣọ.